Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Ẹ Kò Bá Lè Ṣàlàyé fún Màmá Yín, Ẹ Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí bí èèyàn ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ òyìnbó sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé, "Àǹtí, ibí ni wọ́n bí wa sí, ibí la ti lọ ilé-ìwé. Kí la tún fẹ́ kọ́ nínú òyìnbó?" Ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà, ní South London. Nínú ilé wa, èmi ni akọ̀wé, èmi náà ni ògbufọ̀. Lẹ́tà tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ọwọ́ mi ni màámi máa ń fi lé. "Gbà, bá mi kà á. Kí ni wọ́n wí?" Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, lẹ́tà náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé tí à ń gbé. Mo ṣí i, mo kà á, mo sì rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa níbẹ̀: "outstanding".

Ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ mi. "Outstanding!" Ó tún lẹ ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà mọ́ ọn. Wọ́n sì ti so aṣọ gàdàgbà kan mọ́ géètì ilé-ìwé wa, pé àwọn Ofsted, ìyẹn àwọn tí ìjọba ń rán láti yẹ ilé-ìwé wò ní England, ti wá, wọ́n sì ti ní "Outstanding" ni wá. Nígbà náà, kò sí èyí tó ga jù ú lọ.

Ni mo bá wo ojú màámi, mo ní, "Mọ́mì, wọ́n ń yìn yín ni o. Wọ́n ní 'outstanding balance' ni ẹ ní. Wọ́n ní àkántì yín dára gan-an ni."

Màámi kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní àwọn òyìnbó yìí mà ń kíyè sí èèyàn o, wọ́n rí i pé òun kì í jẹ owó ilé. Ó se ìrẹsì, ó din dòdò. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà kejì dé. Íńkì pupa wà lára èyí. Mo tún rí "outstanding", ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, "court" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ "court". Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màámi gbé lẹ́tà méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ìyá yẹn kà á tán, ó ní, "Owó ilé oṣù méjì ni ẹ kò tíì san." Àṣé màámi ti pààrọ̀ báńkì, owó tí báńkì àtijọ́ máa ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù kò sì bá a lọ sí báńkì tuntun. Ó yá owó, ó san án, ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ sì parí síbẹ̀.

Màámi kò nà mí. Ohun tó sọ dùn mí ju ẹgba lọ. Ó ní, "O ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Kí ló dé tó o fi sọ pé o mọ̀ ọ́n?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ìbéèrè yẹn. Kì í ṣe pé mo parọ́. Mo mọ "outstanding". Mo lè kọ ọ́, mo lè pè é, mo lè fi í sínú gbólóhùn kí tíṣà sì fún mi ní máàkì. Ibi kan péré ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo wá rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ pin sí. Bí ẹnì kan bá ti bi mí pé, "Ọmọ, fi ọ̀rọ̀ kéékèèké sọ ohun tó ń jẹ́ 'outstanding' fún mi," mi ò bá ti kọsẹ̀, ǹ bá sì ti mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. "Outstanding" ni ohun tó yọ síta, tó dúró lọ́tọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti wà nínú. Iṣẹ́ ọmọ kan yọ láàárín iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àá ní ó ta yọ. Owó tí ẹ san ti wọlé, èyí tí ẹ kò san ṣì dúró síta, ó ṣẹ́ kù. "Outstanding balance" ni owó tó ṣẹ́ kù tí ẹ kò tíì san. Ó tán. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú àlàyé yẹn, ó sì gba ibi méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá lè fi ọ̀rọ̀ kéékèèké ṣàlàyé, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ojúlùmọ̀ yín lásán ni. Ẹ máa ń kí ara yín lójú ọ̀nà, ẹ kò mọ ilé rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè pàápàá, ó pẹ́ kí èyí tó yé wọn. Ní 1755, Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan jáde ní London. Iṣẹ́ takuntakun ni, wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ṣàlàyé "network". Ohun tí wọ́n hun bí àwọ̀n ni, àbí? Okùn kọjá lórí okùn, ihò wà láàárín wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Johnson fi sọ ọ́ le ju "network" fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ "network" tẹ́lẹ̀, tó bá ka àlàyé yẹn tán, ìbéèrè mẹ́ta ló máa fi kún ẹyọ kan tó gbé wá.

Àwọn tó tún un ṣe ni àwọn tíṣà tó ń kọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn. Michael West kọ́ àwọn ọmọ ní Bengal, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba ní Íńdíà. Ní 1935, òun àti J. G. Endicott gbé ìwé atúmọ̀ èdè kan jáde tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ 1,490 péré ni wọ́n fi ṣàlàyé gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. A. S. Hornby ń kọ́ni ní Japan. Ìwé tirẹ̀ kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní 1942, òun náà ló sì di ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó di 1978, Longman gbé tiwọn jáde, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ bíi 2,000 ṣàlàyé àwọn yòókù. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: ọ̀rọ̀ bíi 2,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí ọmọ kékeré ń sọ lójoojúmọ́, ló gbé gbogbo ìwé yẹn. Torí náà, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni láti lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí pé ibí ni wọ́n bí i sí.

Àwa náà sì ní tiwa nínú ìtàn yìí. Ní 1843, London níbí ni wọ́n ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ jáde. Ọmọ Òṣoogùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun òyìnbó ló gbà á sílẹ̀ lórí omi, tí wọ́n fi gbé e lọ sí Freetown. Ẹ rò ó wò. Ó jókòó, ó ń mú ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ kó lè yé ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ń ṣe láàárín pálọ̀ nìyẹn, nígbà tí màmá yín bá na lẹ́tà sí yín.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kò ní. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, àlàyé ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Solicitor", ẹ wò ó títí, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín. Ṣùgbọ́n "agbẹjọ́rò", ẹni tó ń gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò. "Passport" ńkọ́? Ìwé ìrìnnà. "Television"? Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ó ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán. Àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí wo nǹkan náà, wọ́n bi ara wọn pé kí ló ń ṣe, wọ́n sì fi ìdáhùn náà sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti kọ́ yín ní àṣà kan: ẹ béèrè ohun tí nǹkan ń ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé máa ba òyìnbó yín jẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Ìbéèrè mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, irú nǹkan wo ni? Èèyàn ni, owó ni, ìwé ni, àbí ìṣe ni? Ìkejì, kí ló yà á sọ́tọ̀ láàárín irú rẹ̀? Ìkẹta, ta ló ń ṣe kí ni fún ta? Tí ẹ bá dáhùn tán, ẹ sọ ọ́ sókè fún ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó rárá. Tó bá mi orí, ẹ ti dé ibẹ̀. Tó bá ní, "Ẹn-ẹ́n, kí wá nìyẹn?", ẹ padà.

Ẹ jẹ́ ká gbé "guarantor". Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ gba ilé, ó ní kí ẹ wá ṣe "guarantor" fún òun, ó ní kí ẹ kàn fọwọ́ sí i ni. Irú nǹkan wo ni? Èèyàn ni. Kí ló ń ṣe? Bí ayálégbé kò bá san owó, òun ni onílé máa bi. Yorùbá ti ní in tipẹ́: onídùúró. Ẹni tó bá dúró fún èèyàn, tí ẹni yẹn bá sá lọ, òun ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ "onídùúró" kò yẹ kí ẹ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ sí káàdì ọjọ́ ìbí.

"Eligible" ńkọ́? Lẹ́tà ní ẹ lè jẹ́ "eligible" fún ìrànlọ́wọ́ kan. Ẹni tí òfin gbà láyè láti béèrè nǹkan ni. Ẹ kíyè sí i o: láti béèrè. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fún un. Bàbá tó bá gbọ́ ọ pé "wọ́n ti fún wa" kò ní kọ fọ́ọ̀mù, á jókòó, á máa retí owó tí kò ní dé.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń le. Àyẹ̀wò jáde, wọ́n ní "positive". Ní ilé-ìwé, "positive" dára. Ní ilé-ìwòsàn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Bí ó bá jẹ́ oyún ni wọ́n ń wá, tí obìnrin náà sì ń fẹ́ ọmọ, á jó. Bí ó bá jẹ́ àrùn ni wọ́n ń wá, kò sẹ́ni tó máa jó. "Negative" ni pé wọn kò rí i.

Ẹ̀gbọ́n màámi kan, dókítà sọ fún un pé ó ní "chronic kidney disease". Ní ilé wa ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá pe èèyàn ní "chronic" báyìí, bóyá "chronic" onígbèsè, ohun tí à ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe. Màmá yìí délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ń sọ ẹni tó máa gba ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó máa gba gèlè. Ẹnu ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi jẹun dáadáa.

Mo ti dàgbà nígbà yẹn, mo sì ti kọ́gbọ́n lára "outstanding". Mo tẹ̀ lé e padà lọ bá dókítà, mo ní kó fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn sọ ohun tó ń jẹ́ "chronic" fún mi. Ó ní àìsàn tó ń pẹ́ lára ni. Ó ní "chronic" ń sọ bí àìsàn ṣe ń pẹ́ sí, kò sọ bó ṣe le sí. Òdìkejì rẹ̀ ni "acute", èyí tó bẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ohun tó ń sọ bó ṣe le sí ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. Láti 1 dé 5 ni wọ́n pín in, 3 ni ti màmá wa. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Mọ́mì, wọ́n ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ẹ máa lo oògùn, ẹ máa wá fún àyẹ̀wò. Wọn ò sọ pé ẹ fẹ́ kú o." Màmá wo dókítà, wọ́n wo èmi náà, wọ́n ní, "Ṣé kò lè sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ni?" Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ìlẹ̀kẹ̀ wọn padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. "Leave". Ní oṣù kẹfà 2016, gbogbo Britain dìbò: "Leave" tàbí "Remain", ká lọ tàbí ká dúró. Lẹ́tà sì lè wá láti Home Office tí wọ́n á kọ "indefinite leave to remain" sí. Lọ-dúró kẹ̀? Àgbàlagbà tó bá rí "leave" lórí ìwé Home Office, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná.

Ọ̀rọ̀ méjì ni "leave" yìí, orísun wọn yàtọ̀, wọ́n kàn wá ń dún bákan náà ni. Ọ̀kan ni kí èèyàn kúrò. Èkejì ni ìyọ̀ǹda. Èkejì yìí ló wà nínú "lífù" tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ló wà nínú "leave to appeal", ìyọ̀ǹda láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nítorí náà, "leave to remain" ni ìyọ̀ǹda láti dúró. "Indefinite" ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé "títí láé" ni. Rárá o. Ó túmọ̀ sí pé wọn kò dá ọjọ́ tó máa parí. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, torí pé ẹni tó ní in, tó bá kúrò ní Britain fún ohun tó ju ọdún 2 lọ láìpadà, ó lè pàdánù rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n lọ kọ́lé, tí wọ́n lọ tọ́jú ìyá, tí wọ́n fọkàn balẹ̀ pé "títí láé" ni ìwé àwọn. Ẹ rí bí àlàyé tó fi díẹ̀ yẹ̀ ṣe lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù yín. Ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ kan ti tó. Ẹ mú un láti inú lẹ́tà tó wọlé yín, ẹ má mú un láti inú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe fọ́rífọ́rí. Ẹ wo ìwé atúmọ̀ èdè àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ àlàyé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá sísàlẹ̀, kí ẹ wá pe màmá yín, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n lè tún Yorùbá yín ṣe níbẹ̀. Èrè méjì nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di òbí, ẹ má gbé ẹrù yìí ka orí ọmọ kékeré. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún 11. Ní ilé-ìwòsàn NHS, ẹ béèrè fún ògbufọ̀, ẹ kò ní san owó rẹ̀. Bí ọmọ bá sì ka lẹ́tà fún yín, ẹ bi í pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n, àbí o rò pé o mọ̀ ọ́n?" Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú "mi ò mọ̀ ọ́n". Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ká ní mo sọ "mi ò mọ̀ ọ́n" lọ́jọ́ yẹn, ìrẹsì àti dòdò nìkan là bá pàdánù.

Màámi ṣì wà, a dúpẹ́. Wọ́n ṣì ń fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá ti kà á tán, wọ́n á wo ojú mi dáadáa, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe 'outstanding' o?"

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó ti dà yín láàmú rí sísàlẹ̀, ká jọ wá àlàyé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kí wọn nílé. Ó dìgbà o.